Àtẹ Tèmi, Àtẹ Màámi

Firísà Màámi kú ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 2024. Kò pariwo kó tó kú. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣí ìdérí rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, omi pupa ti dúró sí ìsàlẹ̀, odidi páálí Títù kan àti ààbọ̀ páálí kọ́tẹ̀ ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, òórùn sì ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n pè mí. Wọn ò sunkún, wọn ò ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n sọ kò ju “Àbẹ̀kẹ́, firísà ti sùn o” lọ, àfi bí ẹni pé àgbàlagbà kan ló papò dà ládùúgbò.

Àpáta ni Màámi ti ń ta ẹja yìnyín, lójúde ilé tí wọ́n bí mi sí. Òjóò lèmi ń gbé báyìí, ní òdìkejì ìlú, mo sì ń bá wọn ṣírò owó ní ọ́fíìsì kan nítòsí Sẹkitéríàtì. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, màá ra òmíràn. Kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀. Kì í ṣe sí ẹja tó bàjẹ́ o. Mo rí nǹkan tí mo máa ṣe àtẹ lé lórí ni.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í ra nǹkan láìṣe àtẹ. Mo ṣe é nígbà tí mo fẹ́ ra fóònù, mo ṣe é nígbà tí mo ń wá ilé, ẹ̀gbọ́n mi sì ní ó dá òun lójú pé mo ṣe é nígbà tí mo fẹ́ lọ́kọ. (Mi ò ní dá wọn lóhùn níbí.) Ọ̀rọ̀ àtẹ yìí pàápàá dùn mọ́ mi. Ohun tí Màámi ń to ẹja lé, tí oníbàárà ń wò kó tó yọwó, àtẹ ni. Ìlà àti òpó tí èmi ń fà sórí kọ̀ǹpútà, tí mo ń to iye owó àti wọ́ọ̀tì sí, àtẹ náà ni. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ tà, ìkejì jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ rà. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé iṣẹ́ kan náà làwọn méjèèjì ń ṣe, pé ẹni tó bá to nǹkan sórí àtẹ ló ń pinnu ohun tójú máa kọ́kọ́ rí.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ṣe tèmi, tí Màámi ń gbé ẹja lọ síbi firísà aládùúgbò kan tí wọ́n ń san owó iná fún. Firísà mọ́kàndínlógún ni mo kọ sílẹ̀. Mo to iye owó wọn, lítà wọn, wọ́ọ̀tì wọn, ọdún gàráńtì, irú gáàsì tó wà nínú ẹ́ńjìnnì, iye wákàtí tí wọ́n ní wọ́n lè mú yìnyín dání bí iná bá lọ, àti ìràwọ̀ tí àwọn tó ti rà wọ́n fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Owó ni mo fún ní máàkì tó pọ̀ jù, 30 nínú 100. Ìràwọ̀ ló tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Mo jókòó ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ firísà kan tó ní ìràwọ̀ mẹ́rin ààbọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní ó tètè dé. Ẹni kejì ní ọmọlúàbí ni ẹni tó gbé e wá. Ẹni kẹta ní òun ò tíì tan án o, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ bá pálọ̀ òun mu. Nínú gbogbo wọn, mi ò rí ẹnì kan tó ti fi dáàbò bo ẹja fún oṣù mẹ́fà. Ọlọ́kadà ni wọ́n fún ní ìràwọ̀, èmi sì lọ kọ ọ́ sí abẹ́ firísà.

Ní ọdún 2000, Sheena Iyengar àti Mark Lepper gbé ìwádìí kan jáde tí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọjà rírà kì í gbàgbé. Wọ́n pàtẹ jáàmù sí ilé ìtajà kan ní Kalifọ́níà. Nígbà kan oríṣi 24 ni wọ́n tò, nígbà mìíràn oríṣi 6. Àtẹ oríṣi 24 ló fa èrò jù, àmọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó dúró wò ó, bí ẹni mẹ́ta ló rà. Níbi oríṣi 6, nínú ọgọ́rùn-ún tó dúró, bí ọgbọ̀n ló rà. Ìtàn náà dùn, gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́ kiri. Ohun tí wọn kì í sábà fi kún un ni pé ní 2010, Scheibehenne, Greifeneder àti Todd kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 50 jọ, wọ́n ṣe ìṣirò gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì rí i pé níbìkan ọjà tó pọ̀ ń dá èèyàn dúró, níbòmíràn ó ń mú un rà sí i, débi pé tí a bá yọ èyí kúrò nínú ìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku nǹkan kan.

Èyí kò yà mí lẹ́nu nítorí mo mọ Gbági. Ẹ lọ wo obìnrin tí wọ́n rán láti lọ ra aṣọ ẹbí ní Gbági. Àǹkárá, léèsì, ìbòrùn, wọ́n tò lọ bí ẹni pé wọn ò lópin, kò sì sí ohun tó kàn án. Ó ti mọ àwọ̀ tí ẹbí fẹnu kò sí, ó mọ iye tí wọ́n dá jọ, ó mọ ẹni tí wọn ò gbọdọ̀ fi aṣọ náà múnú bí. Ó ń gba àárín ọjà kọjá bí ọ̀bẹ. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń wá, ọjà kì í pọ̀ jù fún un. Èmi tí mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Òjóò, mi ò mọ ohun tí mo ń wá. Ohun tí wọ́n kọ sára firísà ni mo mọ̀.

Ní ọdún 2000 yẹn kan náà, Gerald Häubl àti Valerie Trifts dán ohun èlò méjì wò fún àwọn tó ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ń bi ọ́ léèrè ohun tó ṣe pàtàkì sí ọ, á wá to ọjà fún ọ láti orí èyí tó bá ọ mu jù. Ìkejì jẹ́ àtẹ tó ń gbé ọjà mélòó kan síra wọn kí o lè fi wọ́n wéra. Àwọn tó lo nǹkan wọ̀nyí kò wo ọjà rẹpẹtẹ mọ́, èyí tí wọ́n sì yàn sàn ju ti àwọn tí kò lò ó. Nígbà tí mo kà á, orí mi wú. Mo ní ṣebí ohun tí mò ń ṣe nìyí. Mi ò fiyè sí i pé èyí àkọ́kọ́ ń bèèrè ọ̀rọ̀ kó tó to nǹkan kan.

Ọjọ́ Sátidé la lọ sí Dùgbẹ̀. Mo ti tẹ àtẹ mi sórí ìwé, mo ká a sínú báàgì. Bí òǹtajà náà ṣe rí Màámi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ṣe, tí wọ́n á kàn tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa owó nílẹ̀. Àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sìmẹ́ńtì. “Ẹ káàárọ̀ Mà. Ẹ wá jókòó síbi fáànù.” Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé omi tútù wá, ó bi wọ́n bóyá ọ̀nà dáa, ó ní wọ́n jọ ìyá òun. Mo wo ojú Màámi, mo rí i pé wọ́n ti rà.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Màámi mọ gbogbo rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ń ṣe é. Kò sí ẹni tó máa ra ẹja lọ́wọ́ wọn tí wọn ò ní béèrè ọmọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí wọn ò ní fi ènì sí i fún, ì báà ṣe orí ẹja kan. Ẹni tó bá ti gba ènì lẹ́ẹ̀mejì, ojú á máa tì í láti kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja mìíràn. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń fi jẹun, síbẹ̀ ọmọ Dùgbẹ̀ kan fi omi tútù kan ṣe é fún wọn, ó sì mú wọn.

Firísà mẹ́ta ló tò síwájú wa. Kékeré kan wà tó pè ní ₦290,000. Ìkejì, lítà 200, èyí tó wà lókè pátápátá lórí àtẹ mi, ó pè é ní ₦480,000. Ẹ̀kẹta tún tóbi bíi ti ìkejì, kò lẹ́wà tó o, gàráńtì rẹ̀ kéré, ó wá pè é ní ₦510,000. Ta ló máa ra ẹ̀kẹta yẹn? Kò sí. Kò wà níbẹ̀ fún rírà. Huber, Payne àti Puto kọ ọ́ sínú ìwádìí wọn ní 1982 pé tí o bá gbé ọjà kan tó rẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí o fẹ́ tà, tó jẹ́ pé gbogbo ọ̀nà ni èyí tí o fẹ́ tà fi jù ú lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn á sá sí èyí tí o fẹ́ tà. Màámi ò ka Huber. Ṣùgbọ́n láti kékeré mi ni wọ́n ti máa ń to ẹja mẹ́rin tó tínrín síbìkan, wọ́n á to mẹ́rin tó sanra sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iye kan náà. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí lẹja tínrín yẹn ń ṣe níbẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń rà á. Wọ́n ní, “Kí ojú lè rí ibi tó máa sá kúrò.”

Ọ̀rọ̀ ₦480,000 yẹn náà ní tirẹ̀. Amos Tversky àti Daniel Kahneman kọ ọ́ ní 1974 bí wọ́n ṣe yí kẹ̀kẹ́ kan níwájú àwọn èèyàn, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti ṣe kó máa dúró lórí 10 tàbí 65 nìkan. Wọ́n wá bi wọ́n pé nínú ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, mélòó ló jẹ́ ti Áfíríkà. Kí ló kan kẹ̀kẹ́ nínú ọ̀rọ̀ Áfíríkà? Síbẹ̀, àwọn tí kẹ̀kẹ́ fún ní 10 ń sọ bíi 25, àwọn tó fún ní 65 ń sọ bíi 45. Ẹni tó bá ti ná ọjà rí nílùú yìí mọ̀ pé iye tí òǹtajà kọ́kọ́ dá lé ọjà, kẹ̀kẹ́ ni, ó sì mọ oògùn rẹ̀. Màámi ò tilẹ̀ wojú ọmọkùnrin náà. Wọ́n ní “Ó máa gba ₦200,000.” Wọ́n ti yí kẹ̀kẹ́ tiwọn nìyẹn.

Níbí, kí n gbé oríyìn fún àtẹ mi. Mo ti kọ iye tí wọ́n ń ta firísà náà ní ibi mẹ́rin sí i, mo mọ̀ pé kò ju ₦410,000 lọ. Láìsí ìwé yẹn, a ò bá máa pààrà láàárín 200 àti 480 títí tí ọ̀fun á fi gbẹ. Nígbà tí ọmọkùnrin náà rí i pé mo mọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní “Àǹtí, ẹ ti wá múra sílẹ̀.” Ó já a sí ₦400,000. Mo ti ń tú owó sílẹ̀ lórí fóònù nígbà tí Màámi dìde.

Wọ́n fọwọ́ kan ìdérí firísà náà. “Gíláàsì nìyí?”

Ọmọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni Mà, gíláàsì ìgbàlódé ni, oníbàárà á máa rí ẹja láìṣí i.

“Níbo ni màá wá gbé ìwọ̀n mi lé?”

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo wo ìwé mi. Òpó mẹ́sàn-án ló wà lórí rẹ̀, kò sí ìwọ̀n nínú ọ̀kankan. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, orí ìdérí firísà ni Màámi ń gbé ìwọ̀n lé, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé pákó tí wọ́n fi ń gé ẹja lé, ibẹ̀ ni wọ́n ń ka owó lé. Káńtà wọn ni. Mo ti jẹun lórí ìdérí yẹn rí, mo ti ṣe iṣẹ́ àmúrelé lórí rẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sínú firísà, ọwọ́ wọn kò kan ìsàlẹ̀. “Ó jìn. Ẹ̀yìn mi ńkọ́?” Wọ́n bèèrè bóyá ó ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní tó bá bàjẹ́, ta ló ń tún irú èyí ṣe ní Àpáta? Ọmọkùnrin náà ní kò lè bàjẹ́ láé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba ọjà jẹ́. Ẹlẹ́ja tí firísà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú mọ́ lọ́wọ́, o ní kò lè bàjẹ́ láé.

A bọ́ sínú Micra, a bá ara wa jà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí dé Àpáta. Mo ní gíláàsì ò já mọ́ nǹkan kan, màá ra tábìlì fún wọn. Wọ́n ní kí n ra tábìlì kí n sì gbé e lérí níwájú ilé tí kò ní àyè. Wọ́n ní firísà irú èyí tí bàbá wa rà ní 1998 làwọn fẹ́, orúkọ yẹn ni. Mo ní orúkọ nìkan ló kù, pé lórí àtẹ mi òun ló ń jẹ iná jù. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ìwé rẹ yẹn, ta ló bi léèrè kó tó sọ̀rọ̀?”

Awakọ̀ náà, tí kò sẹ́ni tó fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́, ní “Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ o.”

Àwọn àgbà ní kí èèyàn tó wá sáyé, á kọ́kọ́ lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló fẹ́ jọ lọ: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Afùwàpẹ́ yà lọ rí bàbá rẹ̀, àwọn méjì yòókù ò dúró dè é. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn ò bá a. Wọ́n bá orí tí ó tò sílẹ̀ lọ rẹrẹ, wọ́n mú èyí tó tóbi, tó ń dán. Orí náà ò jinná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, amọ̀ rọ̀, ayé kò sì gún régé fún wọn. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ ti bèèrè, ó ti rúbọ, ó mú iyọ̀ àti owó dání. Nígbà tó dé ilé Àjàlá, ó bá ẹni tó wá sin gbèsè lẹ́nu ọ̀nà, Àjàlá fúnra rẹ̀ sì ti sá pamọ́ sókè àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀kalẹ̀, ó mú ọ̀pá irin, ó ń lu orí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tó fi rí èyí tó jinná, ó ní òun nìyí.

Bí ìtàn kádàrá ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ní kékeré. Nínú Micra yẹn, ìtàn ọjà rírà ni mo rí. Dídán ló tan àwọn méjì àkọ́kọ́, èyí yé gbogbo èèyàn. Ibi tí mo dúró sí ni gbèsè. Àjàlá nìkan ló mọ orí tó jinná, kò sì sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ẹni tó wá yan orí fi san gbèsè rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà ló sanwó ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n lórí fóònù wa lónìí, ta ló ń san gbèsè Àjàlá? Ẹni tó ń fi fídíò yin firísà, tó ń sọ pé kí a tẹ ibi báyìí láti rà á, òǹtajà ló ń fún un lówó. Ojú-ìwé tó to firísà fún mi láti orí “èyí tó dára jù” kò sọ fún mi ohun tó fi tò ó. Ní Amẹ́ríkà, àjọ kan wà tó ń jẹ́ Consumer Reports, láti 1936 ló ti wà. Wọn kì í gba ìpolówó, owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra ohun tí wọ́n fẹ́ dán wò bí oníbàárà lásán, àwọn tó ń gbára lé wọn sì ń san owó fún un. Wọ́n mú ọ̀pá irin dání, wọ́n ń lu orí.

Ní Àpáta, ọmọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe ní ìkóríta ni Àjàlá wa. Mo lọ bá a ní ọjọ́ kejì, mo fún un ní ₦3,000 kó tó la ẹnu. Ó wo àtẹ mi, ó yọ firísà mẹ́jọ kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní wọ́n dára o, àmọ́ kò sí ẹ̀yà tí wọ́n fi ń tún wọn ṣe ní Ìbàdàn. Ó ní kí n má bìkítà fún lítà. Ó ní firísà olórí-òkè, tí ìdérí rẹ̀ ń ṣí sókè, ló yẹ ẹlẹ́ja, nítorí atẹ́gùn tútù wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí. Tí o bá ṣí èyí tó ní ilẹ̀kùn níwájú, gbogbo òtútù á dà sí ọ lẹ́sẹ̀. Ó tún fi ọwọ́ tẹ ara firísà kan tó wà níbẹ̀, ó ní kí n wo bí ògiri rẹ̀ ṣe nípọn tó, ibẹ̀ ni òtútù ń gbé nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. (Òun náà ní ohun tó ń wá o. Kò ní yin firísà tí òun ò lè tún ṣe. Mo fi ìyẹn sọ́kàn.)

Nígbà náà ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe.

Benjamin Franklin kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Joseph Priestley, ní 1772, ó ṣàlàyé bí òun ṣe ń pinnu ọ̀ràn tó bá ta kókó. Á pín ìwé sí méjì, á kọ ìdí tó fi yẹ sí apá kan, ìdí tí kò fi yẹ sí apá kejì, á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á wá máa fagi lé àwọn tó bá dọ́gba níhà méjèèjì, títí á fi rí ibi tó tẹ̀ sí. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn níbẹ̀ ni pé kò sí ìdí tó ní ìwọ̀n kan tẹ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ babaláwo. Kó tó da ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹni tó wá dáfá á ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó tó mú lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bá dé ìdí ìbò, owó ẹyọ dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, eegun dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ifá á yàn láàárín méjèèjì, àmọ́ ìwọ lo ní ìbéèrè.

Mo fi ẹfun fa ojú ilé mẹ́wàá sórí àga gbọọrọ tó wà níwájú ilé Màámi. Méje jẹ́ tèmi, mẹ́ta jẹ́ tiwọn: ìdérí, ẹni tó máa tún un ṣe, àti kó má jìn jù. Mo ka wóró àgbàdo ogún lé wọn lọ́wọ́. Mo ní, “Màámi, owó yín rèé. Ẹ fi ra ohun tó bá ká yín lára jù. Ẹ ò lè ju ogún lọ.”

Wọ́n rò pé mò ń ṣeré. Lẹ́yìn náà wọn ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n fi wóró méje sí kó mú yìnyín dání, márùn-ún sí ìdérí, mẹ́rin sí àtúnṣe, mẹ́ta sí kó má jìn. Ọ̀kan tó kù, wọ́n jù ú sídìí owó bí ẹni tó ń fún alágbe ní nǹkan. Lítà ò rí nǹkan kan gbà. Ìràwọ̀ ò rí nǹkan kan gbà. Gáàsì, wọ́n ní kí ni gáàsì. Gàráńtì, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín.

Mo ní iná ńkọ́? Wọ́n ní iná tí kò sí. Mo mú ìwé, mo ṣírò rẹ̀ fún wọn. Band A, ìpele àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, ni wọ́n kọ àdúgbò wọn sí, lórí ìwé. Ní oṣù kẹrin 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, fọwọ́ sí i pé kí àwọn Band A máa san ₦225 lórí kilowáàtì-wákàtí kan; wọ́n dín in kù díẹ̀ lóṣù karùn-ún, àmọ́ iye àkọ́kọ́ yẹn ni mo fi ṣírò. Firísà tó ń jẹ 100 wọ́ọ̀tì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 nínú ọjọ́ kan, á jẹ ₦270 lójúmọ́. Èyí tó ń jẹ 180 wọ́ọ̀tì, bíi ti orúkọ tí wọ́n fẹ́ràn yẹn, á jẹ ₦486. Lóṣù kan, ₦6,480 ló fi ju ara wọn lọ. Lọ́dún kan, ₦77,760.

“Páálí ẹja kan nìyẹn!”

Mo ní páálí ẹja kan ni. Wọ́n wo àga náà fúngbà pípẹ́, wọ́n mú wóró kan kúrò lórí ìdérí, wọ́n mú ọ̀kan kúrò lórí àtúnṣe, wọ́n kó méjèèjì sídìí iná. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ bàbá wa àti ọdún 1998 mọ́ láti ọjọ́ náà. Mi ò ní pa á mọ́ pé inú mi dùn, nítorí láti òwúrọ̀ ni mo ti ń rò ó pé bóyá àtẹ mi ò wúlò rárá. Ó wúlò. Ó kan nílò kí ẹnì kan bi Màámi ní ìbéèrè kí ó tó ṣí ẹnu, kí Màámi náà sì gbọ́ iye tí nǹkan ń jẹ kí wọ́n tó fi wóró sílẹ̀.

Ibi tí a ti ń ṣe èyí ni adìẹ aládùúgbò kan fò sórí àga, ó ṣa wóró kan ṣoṣo tó wà nídìí owó, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Màámi ní kí n fi í sílẹ̀, ṣebí owó tèmi la kúkú fẹ́ ná. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi tí mo fẹ́ sanwó ni mo fún owó ní 30 nínú 100. Màámi tó fẹ́ lò ó, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n rò.

Mo padà sí kọ̀ǹpútà, mo fi wóró Màámi rọ́pò máàkì tèmi. Firísà tó wà ní ipò kẹrìnlá bọ́ sí iwájú. Lítà 142 péré ni, funfun, olórí-òkè, ìdérí rẹ̀ le, ògiri rẹ̀ nípọn, ó kúrú. Kò sí nǹkan kan nípa rẹ̀ tó máa mú kí èèyàn ya fọ́tò. Ọ̀dọ̀ ọmọ Dùgbẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ yẹn náà la ti rà á, ní ₦365,000, nítorí Màámi ní ọmọ dáadáa ni, mo sì ti kọ́ láti má jiyàn lórí ohun tí wọn ò gbé wóró sí. Wọ́n gba ènì: wáyà gígùn kan àti ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Lórí rìsíìtì, wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ pé ọjà tí a bá ti rà, a kì í dá owó rẹ̀ padà. Mo ní òfin FCCPA ti 2018, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, kò gba irú òǹtẹ̀ yẹn láyè, oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Ó ní òun mọ̀, pé bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo èèyàn ni. Mo ní kó kọ gàráńtì oṣù mẹ́fà sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó kọ ọ́.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò fi wóró sí, tí kò sì sí lórí àtẹ mi. Firísà náà ń kùn. Láti alẹ́ ọjọ́ kìíní ló ti ń kùn, bí ẹni tó ń gbàdúrà nínú yàrá kejì. Ayálégbé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi ti fi ẹjọ́ sùn mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá sí Àpáta lọ́jọ́ Àìkú kan, mo sùn síbẹ̀, mi ò lè dijú. Ní òru, mo lọ kan ilẹ̀kùn Màámi, mo ní ká jẹ́ kí ọmọkùnrin ìkóríta wá wo ẹ́ńjìnnì náà, bóyá ó lè mú ariwo rẹ̀ kúrò.

“Fi í sílẹ̀ kó máa kùn, Àbẹ̀kẹ́,” ni wọ́n wí láti inú òkùnkùn. “Èyí tó kú yẹn, kò kùn rárá.”